Ọ́síléétọ̀ 10 MHz mi ń yí nọ́mbà padà láàárọ̀ àti lálẹ́: báwo lẹ ṣe ń wọn ìdúróṣinṣin rẹ̀?

Alágogo_Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Rédíò àti sígínà jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọ́síléétọ̀ kan (ẹ̀rọ tó ń yọ ìgbì iná jáde ní iye kan náà ní sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan) tó máa jẹ́ bàbá fún gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo rí OCXO 10 MHz kan rà, ìyẹn ọ́síléétọ̀ kírísítálì tó wà nínú ilé olóoru kékeré, tó ń yọ ìgbì mílíọ̀nù 10 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, inú ẹ̀rọ òpó tẹlifóònù ni wọ́n ti tú u, ẹni tó tà á fún mi ní "1e-12 ni ọ̀gá, kò sí èyí tó tó o", ìyẹn ni pé kì í sún ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù. Mo so ó mọ́ káńtà àtijọ́ tí mo ní (ẹ̀rọ tó ń ka iye ìgbì ní sẹ́kọ́ǹdì kan), ó ka 10,000,000.31 láàárọ̀. Nígbà tó di alẹ́ ó di 10,000,000.27. Lọ́jọ́ kejì ó wà ní .29, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyàtọ̀ 0.04 Hz nìyẹn, tí mo bá pín in pẹ̀lú 10 mílíọ̀nù ó jẹ́ 4e-9, ó sì jìnnà réré sí 1e-12 tí wọ́n sọ fún mi. Ṣé OCXO ló ti bàjẹ́ ni, àbí bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n ni kò dáa? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye, mi ò fẹ́ fi nǹkan tí kò dúró tún iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe.

Ìyá_Sọ́dà:
Alágogo, ẹ kú ìnáwó o. Kí ẹ tó bá OCXO yẹn wíjọ́, ẹ dáhùn ìbéèrè kan fún mi: kí ni káńtà yín fi ń mọ̀ pé sẹ́kọ́ǹdì kan ti pé? Kírísítálì kan wà nínú òun náà, ìyẹn ló fi ń kà. Ẹ wò ó bíi ìyá alágàárì méjì lọ́jà, ọ̀kan gbé kọ́ńgò tiẹ̀ ó fi wọn ti ìkejì, ó ní ó dín. Ta ló sọ fún un pé kì í ṣe kọ́ńgò tirẹ̀ ni ìdí rẹ̀ ti wọlé? Nọ́mbà tí ẹ rí yẹn, ìyàtọ̀ àárín aago méjì ni, kì í ṣe ti OCXO nìkan. Kírísítálì lásán tí kò sí nínú ilé olóoru lè sún tó 1e-6 tí ooru bá yí padà, nítorí náà 4e-9 kékeré ni lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi o, káńtà ló ń rìn, OCXO dúró ń wò ó.

Ẹ wo ẹ̀yìn káńtà, ó máa ń ní ihò BNC tí wọ́n kọ REF IN sí. Ibẹ̀ lẹ máa kó rẹ́fírẹ́ńsì tó dáa jù sí, ìyẹn aago tí káńtà á máa fi kà dípò kírísítálì tirẹ̀. Àmọ́ ẹ má mú OCXO kan náà kí ẹ kì í bọ ibẹ̀ kí ẹ tún kì í bọ ihò tí ẹ ti ń wọn nǹkan o, torí ó máa kọ 10,000,000.00 fún yín láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ sì máa rò pé ẹ ti rí wúrà. Òun ló ń wọn ara rẹ̀ nígbà yẹn.

Wáyà_Pupa:
Ìyá Sọ́dà ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un torí kalibréṣọ̀n (yíyẹ irinṣẹ́ ìwọ̀n wò) ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Manchester níbí láti nǹkan bí ọdún 11, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ fa àríyànjiyàn láàárín àwa àti oníbàárà ni pé wọ́n máa ń pa nǹkan méjì pọ̀ di ọ̀kan. Aago tó ń fi sẹ́kọ́ǹdì 2 yá jù lójoojúmọ́, lónìí 2, lọ́la 2, lọ́tunla 2, kò péye, ṣùgbọ́n ó dúró ṣinṣin, ẹ lè yọ 2 yẹn kúrò kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Èyí tó fi 3 yá lónìí tó wá fi 4 falẹ̀ lọ́la, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe é, bí ìpíndọ́gba rẹ̀ lóṣù kan tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Torí náà .31 yẹn kò yẹ kó dùn yín, sìkúrù kékeré kan tàbí wáyà kan wà lára OCXO tí ẹ máa fi yí i bọ̀ sípò. Bó ṣe ń kúrò níbi tó wà ni ọ̀rọ̀ wà.

Èkejì, 1e-12 tí wọ́n sọ fún yín yẹn, wọ́n gé ọ̀rọ̀ náà lórí. 1e-12 láàárín ìgbà tó gùn tó báwo? OCXO tó dáa lè jẹ́ 1e-12 tí ẹ bá fi sẹ́kọ́ǹdì 1 wé sẹ́kọ́ǹdì 1 tó tẹ̀lé e. Tí ẹ bá fi ọjọ́ kan wé ọjọ́ kejì, òun kan náà lè jẹ́ 1e-10 torí kírísítálì ń darúgbó. Rùbídíọ̀mù, ìyẹn aago átọ́ọ̀mù kékeré, ní tiẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí 1e-11 ní sẹ́kọ́ǹdì 1, ẹ ríi pé OCXO tó dáa lù ú níbẹ̀, àmọ́ tó bá di ọjọ́ kan rùbídíọ̀mù á fi OCXO sílẹ̀ pátápátá. Hydrogen maser, aago átọ́ọ̀mù míì tí àwọn ilé ìwádìí ńlá ń lò, máa ń wà ní àyíká 1e-13 ní sẹ́kọ́ǹdì 1, ó sì máa ń dé nǹkan bí 1e-15 tó bá di ọjọ́ kan. Ẹni tó bá bi yín pé èwo ló dáa jù nínú àwọn mẹ́ta yìí, ẹ ní kó kọ́kọ́ sọ bí àkókò tó fẹ́ lò ó fún ṣe gùn tó. Àkókò yẹn la ń pè ní tau, kò sì sí nọ́mbà ìdúróṣinṣin kankan tó nítumọ̀ tí a kò bá so tau mọ́ ọn.

Kékeré_Oníbéèrè:
Ẹ káàsán ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú o, kí ló dé tí a kò lè lo standard deviation tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì? Ṣebí kí n sá kó gbogbo nọ́mbà tí káńtà kọ jọ, kí n wá ìpíndọ́gba, kí n wo bí wọ́n ṣe fọ́nká sí.

Wáyà_Pupa:
Ìbéèrè gidi lo bi yẹn, àbúrò. Standard deviation gbà pé àárín kan wà tí gbogbo nǹkan ń yí ká. Ọ́síléétọ̀ kò ní irú àárín yẹn. Ariwo tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan, àwọn kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbé fíríkúẹ́ńsì (iye ìgbì ní sẹ́kọ́ǹdì kan) rìn díẹ̀díẹ̀ tí kò ní dá a padà, nítorí náà bí o bá gba nọ́mbà fún wákàtí kan o rí iye kan, tí o bá gbà á fún ọjọ́ kan iye yẹn á wú sí i, ọ̀sẹ̀ kan á tún wú sí i, kò ní dúró níbì kan láé. Iye tó ń wú bí o bá ṣe pẹ́ tó nídìí ìwọ̀n, kí lo fẹ́ kọ sínú ìwé fún oníbàárà?

Ní 1966 ni David Allan, tó ń ṣiṣẹ́ ní National Bureau of Standards ní Boulder ní Colorado, ibi tí wọ́n ń pè ní NIST báyìí, gbé ọ̀nà míì jáde. Má fi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan wé àárín gbogbogbòò, fi wé èyí tó tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Jẹ́ kí n ṣe é fún ẹ pẹ̀lú nọ́mbà. Ká sọ pé o fi aago rẹ wé èyí tó dáa jù ú lọ, lẹ́yìn sẹ́kọ́ǹdì 1000 o rí i pé ó ti fi 12 nánòsẹ́kọ́ǹdì (nánòsẹ́kọ́ǹdì jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù sẹ́kọ́ǹdì) síwájú, nínú 1000 tó tẹ̀lé e ó tún fi 13 kún un. Àkọ́kọ́ jẹ́ 1.2e-11, èkejì 1.3e-11. Yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó ku 1e-12. Fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn 1e-12 lọ́nà 1e-12. Máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo méjì-méjì tó tẹ̀léra, wá ìpíndọ́gba wọn, pín in sí méjì, wá gbòǹgbò rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé méjì yìí nìkan lo ní, á fún ẹ ní nǹkan bí 7e-13. Òun la ń pè ní Allan deviation ní tau 1000. Lẹ́yìn náà o lọ ṣe ti tau 2000, 4000, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, láti inú fáìlì kan náà, o wá yà á sórí gíráàfù.

Kékeré_Oníbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an ọ̀gá. Kí ló fa pípín sí méjì yẹn?

Wáyà_Pupa:
Nígbà tí o bá yọ nǹkan méjì tí kò mọ ara wọn kúrò nínú ara wọn, ariwo àwọn méjèèjì ló máa wà nínú èsì, kì í ṣe ti ẹyọ kan. O pín in sí méjì kó lè padà jẹ́ ti ẹyọ kan. Fún ariwo fíríkúẹ́ńsì tó jẹ́ funfun, ìyẹn èyí tí ìwọ̀n kan kò mọ ìkejì, iye tó máa jáde kí o tó wá gbòǹgbò yóò bá variance (standard deviation lọ́nà ara rẹ̀) tí wọ́n kọ́ ẹ níléèwé mu régé, fún àwọn ariwo tó ń gbé fíríkúẹ́ńsì rìn variance ti iléèwé yẹn á sá lọ, èyí á dúró.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Houston:
Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yín dùn, ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí Alágogo máa fọwọ́ ṣe. Owó tí mo ná sí tèmi kò pọ̀. Mo ra TICC tí àwọn TAPR ṣe, pátákó kékeré kan tó ń gun orí Arduino Mega (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré), ó lè mú ìyàtọ̀ àkókò tó nǹkan bí 60 píkòsẹ́kọ́ǹdì (1000 rẹ̀ ló wà nínú nánòsẹ́kọ́ǹdì 1), mo sì ra rísífà GPS tó ń yọ PPS jáde, ìyẹn ìlù kan ní sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan. TICC fúnra rẹ̀ nílò 10 MHz láti ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ fi OCXO yín síbẹ̀, kí ẹ wá kó PPS ti GPS sí ihò A, kó máa kọ àkókò tí ìlù kọ̀ọ̀kan dé sílẹ̀. OCXO ti di rúlà nìyẹn, GPS lẹ fi ń yẹ rúlà náà wò. Kò sí pé ẹ ń wá ẹ̀rọ tó máa pín 10 MHz sí ìlù kan. Ẹ so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ gba ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ TimeLab sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, á máa ya gíráàfù náà bó ṣe ń gbà á. Ẹni tó bá mọ Python lè lo allantools.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú kí ó má baà dà yín láàmú bó ṣe dà mí láàmú. PPS ti GPS máa ń gbọ̀n. Nínú irú rísífà bíi LEA-6T, aago inú rẹ̀ jẹ́ 48 MHz, kò sì lè gbé ìlù jáde àfi lórí ìgbésẹ̀ aago yẹn, torí náà ìlù náà máa ń fò síwá sẹ́yìn láàárín nǹkan bí 21 nánòsẹ́kọ́ǹdì. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ní tau 1 gíráàfù yín á wà ní 1e-8, kò sì kan OCXO rárá, ti GPS ni. Ní 100 sẹ́kọ́ǹdì á wà ní 1e-10, ní 10,000 á wà ní 1e-12. Ó ń lọ sílẹ̀ bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà ni. Àfìgbà tí gíráàfù bá kúrò lórí ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀ yẹn lẹ tó ń rí OCXO gan-an.

Sáyẹ́ǹsì_Abẹ́òkúta:
Èmi kì í ṣe wàhálà tó báyìí o. Káńtà mi dáa, mo máa ń fi sí fíríkúẹ́ńsì, gate (àkókò tó fi ń kà lẹ́ẹ̀kan) sẹ́kọ́ǹdì 10, mo sì ń jẹ́ kó máa kọ nọ́mbà sínú Excel. Gíráàfù tó ń fún mi mọ́ dáadáa, ó kéré gan-an pàápàá ju ohun tí ẹ ń sọ lọ. Kí ló burú níbẹ̀?

Wáyà_Pupa:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ èyí torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà níbẹ̀ yẹn, èmi náà sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Nǹkan méjì ló burú. Ọ̀pọ̀ káńtà òde òní, tí ẹ bá ní kí wọ́n wọn fíríkúẹ́ńsì fún sẹ́kọ́ǹdì 10, wọn kì í wo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀n ni wọ́n ń gbà láàárín rẹ̀ tí wọ́n ń pò pọ̀ kí nọ́mbà tó wà lójú rẹ̀ lè dúró. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ ka fíríkúẹ́ńsì. Fún Allan deviation, ó ti fi aṣọ nu ariwo tí ẹ fẹ́ rí nù kí ẹ tó dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí tiyín fi kéré. Ohun tó ń jáde yẹn sún mọ́ Modified Allan deviation ju Allan deviation lásán lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kì í ṣe nǹkan kan náà.

Èkejì ni àlàfo. Láàárín ìgbà tí gate kan bá ti àti ìgbà tí òmíràn bá ṣí, káńtà ń kọ nọ́mbà, kò wo nǹkan kan. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú àlàfo yẹn, ẹ ti pàdánù rẹ̀. Ẹ yí káńtà yín sí time interval, kí ìlù ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ kíkà, kí ti èkejì dá a dúró, ní gbogbo sẹ́kọ́ǹdì, láìsí èyí tó fò. Ìyàtọ̀ àkókò kì í purọ́, torí ó ń kó gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sínú ara rẹ̀. Ẹ fi wé ẹni tó ń wo iye òróró tó kù nínú agbá lójoojúmọ́ àti ẹni tó ń dúró lẹ́nu páìpù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ń sọ pé bó ṣe ń yára sá nìyí.

Sáyẹ́ǹsì_Abẹ́òkúta:
Ó yé mi. Mo ti yí i sí time interval lálẹ́ àná, tau 10 mi ti kúrò ní ibi tó wà, ó ti gòkè. Ó dùn mí díẹ̀ àmọ́ ó dáa kí n mọ òtítọ́.

Ìyá_Sọ́dà:
Ẹ ṣé tí ẹ gbà. Ó ku nǹkan kan kí ẹnikẹ́ni tó wọn ohunkóhun: ẹ kọ́kọ́ wọn irinṣẹ́ yín. Ẹ mú OCXO ẹyọ kan, ẹ pín in sí wáyà méjì, kí ọ̀kan lọ sí start kí èkejì lọ sí stop, kí wáyà kan gùn ju èkejì lọ. Nánòsẹ́kọ́ǹdì 5 ni mítà kan máa ń jẹ nínú ọ̀pọ̀ wáyà coax. Ọ́síléétọ̀ kan náà ni, torí náà ìyàtọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ yí, ohunkóhun tó bá yí, ariwo káńtà yín ni. Káńtà tó ń rí 500 píkòsẹ́kọ́ǹdì kò lè fi ohun tó dín ní nǹkan bí 5e-10 hàn yín ní tau 1, àmọ́ ní tau 1000 ó ti lè rí 5e-13. Ìlà yẹn ni ilẹ̀ yín, kò sí ẹni tó lè rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tó dúró lé.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti ilé wa níbí torí àwọn tó kọ ìwé lókè òkun kò bá NẸ́PÀ jà rí. OCXO tí wọ́n ti pa fún oṣù mélòó kan, tí ẹ bá tàn án, kì í ṣe wákàtí kan ló máa fi dúró, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni, nígbà míì ọ̀sẹ̀ méjì. Tí iná bá lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà mi ò gbé tèmi lé iná NẸ́PÀ tàbí ínfátà ní tààrà. Báátìrì 12 V ló ń bọ́ ọ, ṣájà wà lórí báátìrì náà, régúlétọ̀ wà láàárín báátìrì àti OCXO kí fóltéèjì má baà yí pẹ̀lú ṣájà. Tí iná bá lọ tàbí jẹnẹrétọ̀ bá gbà á, OCXO kò mọ̀. Láptọ́ọ̀pù ní báátìrì tirẹ̀. Mo gbé OCXO sínú páálí, mo kó fóòmù yí i ká, kí atẹ́gùn fáànù má fẹ́ ẹ lójú. Ẹ má sì yí i padà sórí tàbí sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ o, ìwúwo ayé máa ń tẹ kírísítálì, tí ẹ bá da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀ ó lè sún tó nǹkan bí 1e-9. Ẹ fi tẹmómítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa kọ ooru sílẹ̀ pọ̀ mọ́ àkókò nínú fáìlì kan náà. Ẹni tí kò kọ ooru sílẹ̀, tó bá rí òkè lórí gíráàfù, kò ní mọ ibi tó ti wá.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Houston:
Ìyá wa, ẹ fún wa ní ẹ̀kọ́ gidi. Mo fẹ́ fi ti òkè ọ̀run kún un. Ìlà ìdajì ayé ti mágínẹ́ẹ̀tì gba àríwá Nàìjíríà kọjá, ìyẹn sì mú kí àwọn ipele tó ní iná mànàmáná lókè ayé, ionosphere, máa rú bí omi tó ń hó lórí wa lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́, pàápàá ní oṣù kẹta sí kẹrin àti oṣù kẹsàn-án sí kẹwàá. Sígínà GPS á máa ṣẹ́jú, rísífà lè pàdánù sátẹ́láìtì kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, PPS á sì fò. Níbi tí mo wà ní Texas mi ò rí i tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo wálé tí mo gbé e dání ni mo rí i. Ẹni tó bá ní rísífà tí wọ́n ṣe fún àkókò, ẹ sọ ọ́ di èyí tó mọ̀ pé ojú kan lòun wà, ẹ jẹ́ kó wọn ipò ántẹ́nà fún ọjọ́ kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àti ántẹ́nà, ojú ọ̀run ni kó máa wò, kì í ṣe ojú fèrèsé tí páànù bo lórí.

Alágogo_Ìbàdàn:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé síbí. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń bọ̀ láti òkè òkun ló bá mi gbé TICC wá. Mo jẹ́ kí OCXO gbóná fún ọjọ́ 14 lórí báátìrì kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo wá gbà á fún ọjọ́ 9 láì dúró.

Èsì rèé. Tau 1, 1.4e-8. Tau 10, 1.6e-9. Tau 100, 1.7e-10. Tau 1000, 1.8e-11. Gbogbo ìyẹn lórí ìlà GPS tí Ọmọ Ẹ̀gbá sọ, mo ti gbà pé kì í ṣe ti OCXO. Ní 10,000 ó yẹ kó ti dé nǹkan bí 1e-12 àmọ́ ó dúró ní 7e-12, ó wá gòkè, ó dé 1.5e-11 ní àyíká 32,000, ó tún padà sọ̀kalẹ̀, ní 86,400 ó jẹ́ 7e-12. Òkè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ bí ẹ̀yìn ràkúnmí. Mo tún fi wé ti káńtà àtijọ́ yẹn: nínú fáìlì TICC, láàárọ̀ àti lálẹ́ OCXO kò sún ju 0.0004 Hz lọ, èyí tí káńtà ń fi hàn mí tẹ́lẹ̀ jẹ́ 0.04. Ìlọ́po 100! Ìyá Sọ́dà, káńtà ló ń rìn lóòótọ́.

Wáyà_Pupa:
Ẹ kú oríire! Òkè yẹn, mo lè sọ ohun tó jẹ́ fún yín kí n tó rí fáìlì ooru yín. Tí nǹkan kan bá ń yí fíríkúẹ́ńsì lọ bọ̀ ní ìyípo kan, Allan deviation máa ń wú jù níbi tí tau bá tó nǹkan bí 0.37 ti ìyípo yẹn, ó sì máa ń rẹlẹ̀ níbi tí tau bá bá ìyípo náà dọ́gba, torí lónìí ní agogo 2 ọ̀sán àti lọ́la ní agogo 2 ọ̀sán bára mu. Ọjọ́ kan jẹ́ 86,400 sẹ́kọ́ǹdì, 0.37 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 32,000. Oòrùn àti òru ló ń bá OCXO yín sọ̀rọ̀. 7e-12 tó ṣẹ́kù ní 86,400, mo fura pé kírísítálì tó ń darúgbó ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ àkókò, tó bá tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ẹ ní kí TimeLab yọ drift (sísún tó ń lọ sí apá kan lójoojúmọ́) kúrò kí ẹ tún wò ó.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún apá ọ̀tún gíráàfù. Ní tau 86,400, ọjọ́ 9 fún yín ní méjì-méjì 8 péré. Nọ́mbà tó jáde láti inú 8 lè jẹ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ òtítọ́ tàbí kó dín, kí ẹ má fi í búra. Ẹ lo overlapping, ìyẹn ìṣirò tó ń jẹ́ kí àwọn méjì-méjì náà wọnú ara wọn, á fa gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì yọ, síbẹ̀ kò lè dá ọjọ́ tí ẹ kò wọ̀n sílẹ̀.

Alágogo_Ìbàdàn:
Mo ti yọ drift. Ó ń sún bí 1e-11 lójúmọ́. Lẹ́yìn tí mo yọ ọ́, 86,400 di 3e-12. Fáìlì ooru náà bára mu, ní ọyẹ́ yìí ṣọ́ọ̀bù máa ń tutù láàárọ̀ kùtùkùtù, tó bá di ọ̀sán ó ti fi nǹkan bí 8 °C gbóná sí i. Ó ku ìbéèrè kan: mi ò tíì mọ bí OCXO yìí ṣe rí ní tau 1, torí GPS bò ó mọ́lẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ lẹni tó tà á fún mi sọ?

Wáyà_Pupa:
Ẹ nílò ọ́síléétọ̀ kejì tó dáa tó o, kì í ṣe GPS. Níbi iṣẹ́ wa dual mixer la ń lò. A ní ọ́síléétọ̀ kẹta tó fi 10 Hz yàtọ̀ sí 10 MHz, a pò ó mọ́ àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n di ìgbì 10 Hz méjì, a wá wọn ìyàtọ̀ àkókò láàárín ìgbì méjèèjì. Nítorí 10 MHz ti di 10 Hz, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ti di ńlá ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan, nánòsẹ́kọ́ǹdì 1 lójú káńtà jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù nánòsẹ́kọ́ǹdì níbi 10 MHz. Káńtà yín àtijọ́ yẹn gan-an lè ṣe é. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìgbì 10 Hz máa ń gun òkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ṣòro fún káńtà láti mọ ibi tó ti kọjá òdo gan-an, ẹ máa nílò ẹ̀rọ tó máa sọ ọ́ di onígun láì fi ariwo kún un. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe é nílé ti ń ṣubú.

Kékeré_Oníbéèrè:
Tí kò bá sí èyí tó dáa ju tiyín lọ ńkọ́? Èmi ní OCXO mẹ́ta, irú kan náà ni wọ́n, mi ò mọ èwo nínú wọn ló dáa jù.

Ìyá_Sọ́dà:
Mẹ́ta gan-an ló dára, ọmọ mi. Wọn A pẹ̀lú B, A pẹ̀lú C, B pẹ̀lú C, kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fi Allan deviation kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, fún tau kan náà. Fi AB kún AC, yọ BC kúrò, pín èyí tó kù sí méjì, ti A nìyẹn, kí o tó wá gbòǹgbò rẹ̀. Ti B àti ti C náà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ọ̀kan bá burú ju àwọn yòókù lọ gan-an, tàbí tí o kò bá gba nọ́mbà tó pọ̀ tó, èsì lè jáde ní odi, ìyẹn kò sì ṣeé ṣe. Má fi ọgbọ́n bo ó mọ́lẹ̀, lọ gbà á pẹ́ sí i. Má kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú páálí kan náà, torí tí ooru kan náà bá ń gbé wọn rìn pọ̀, wọ́n á jọ máa rìn, ìyàtọ̀ àárín wọn á kéré, wàá sì rò pé gbogbo wọn ló dáa.

Alágogo_Ìbàdàn:
Àbúrò Oníbéèrè, ìlú wo lo wà? Tó bá jẹ́ pé o sún mọ́ Ìbàdàn, kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Mo ní báátìrì, mo ní ibi tí ooru kò ti í yí púpọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ìwọ ní OCXO mẹ́ta, tèmi á ṣe ìkẹrin. Mo máa kọ́kọ́ fi wáyà méjì wọn ilẹ̀ káńtà lálẹ́ òní, màá fi fáìlì rẹ̀ síbí lọ́la kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.